Iṣẹ́ Tí A Kò Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù

Ẹyin adìyẹ ló tú àṣírí wa. Tí n bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ènìyàn, wọn a rẹ́rìn-ín, èmi náà a bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀rín kò sí lẹ́nu mi rárá.

Kábà ni mo ń gbé nígbà náà, nínú ilé ìyá ọkọ mi, èmi àti ọmọ wa obìnrin. Aránṣọ ni mí. Yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé ìwé ni mo ń rán jù, ẹ̀rọ mi sì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, níbi tí mo ti lè máa wo ẹni tó ń kọjá lójú títì. Ṣọ́jà ni ọkọ mi. Kọ́pùrà ni, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi rédíò ránṣẹ́ ló wà, apá Òkè Ọya lọ́hùn-ún, jìnnà réré, ni wọ́n sì gbé e lọ láti ìgbà tí ọmọ wa kò tíì pé ogójì ọjọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ló ń wálé, tí wọ́n bá fún un láyè. Nígbà tí ọmọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, fóònù ló ń pè ní Bàbá. Tí fóònù bá ti dún, ì báà jẹ́ oníbàárà mi tó fẹ́ mọ̀ bóyá mo ti ran aṣọ ọmọ rẹ̀ tán, á sáré wá, á ní Bàbá dé.

Nítorí náà, nígbà tí ọkọ mi pè mí pé ọ̀gá òun ti fi orúkọ òun sílẹ̀ fún iṣẹ́ kan ní ilé iṣẹ́ ńlá wọn, níbi tí wọ́n ti ń gba ọ̀rọ̀ àṣírí wọlé tí wọ́n sì ń rán an jáde, ohun tí mo kọ́kọ́ bi í ni pé ṣé ilé wà níbẹ̀. Ó ní ilé wà. Yàrá méjì, àwọn tó níyàwó ni wọ́n ń fún. Mi ò bèèrè nǹkan mìíràn mọ́. Lọ́kàn mi, mo ti kó ẹ̀rọ ìránṣọ sínú ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí wọ́n tó lè fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lé ènìyàn lọ́wọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ wádìí rẹ̀ dé ìdí. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún un, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ó lé ní ogún ojú ewé. Wọ́n fẹ́ mọ gbogbo ilé tó ti gbé láti kékeré, ẹni tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé ìwé, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bàbá rẹ̀, ẹni tó wà lókè òkun nínú ẹbí. Gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe rí, ta ni ọ̀gá rẹ̀ níbẹ̀, kí ló dé tó fi kúrò. Mo bi í pé kí ni wọ́n fẹ́ fi gbogbo èyí ṣe. Ó ní ẹni tó bá ní ohun kan tó ń fi pamọ́, ẹlòmíràn lè mọ nǹkan náà kó sì fi mú un lọ́rùn pé, sọ ohun tó wà lọ́dọ̀ rẹ fún mi, tàbí kí n tú àṣírí rẹ. Mo ní ó dáa. Ọ̀rọ̀ yẹn gba etí ọ̀tún wọlé, ó gba tòsì jáde.

Èmi ni mo kọ fọ́ọ̀mù náà. Ìwé girama ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára, tirẹ̀ dà bí ìgbà tí adìyẹ bá tan ilẹ̀. Ó gba àyè ọ̀sẹ̀ kan wálé, ọjọ́ Ìsinmi la sì jókòó tì í, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ó gbé ọmọ lé inú, ó ń pè é, mo ń kọ ọ́. A ń rẹ́rìn-ín. A kọ orúkọ tíṣà kan tó ti na àwa méjèèjì rí. Bí a ṣe dé ojú ewé iṣẹ́, ó pe orúkọ pọ́tìrì, mo sì gbé bírò kúrò lórí ìwé.

Mo ní láti sọ ọ̀rọ̀ pọ́tìrì yìí bó ṣe rí gan-an.

Kí ọkọ mi tó wọ ṣọ́jà, ó ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì níbi tí wọ́n ti ń sin adìyẹ lẹ́yìn ìlú, lọ́dọ̀ ìyá kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì. Ọkọ mi ló ń tan jẹnẹrétọ̀ tó ń fa omi fún àwọn adìyẹ, ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ omi sì ń wà. Nígbà náà ló ń fẹ́ mi sọ́nà. Ògìdì, ìlú wa, ni bàbá mi ti ń dáko, bó sì ṣe rí lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ń fẹ́ ọmọ ènìyàn á kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n á wá fi ọ̀wẹ̀ kọ ebè iṣu fún àna. Bàbá mi dá ọjọ́ Sátidé kan, nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó gbóná bí iná. Ọkọ mi tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ìyá náà ní rárá, òun ń lọ síbi ìsìnkú kan lọ́jọ́ náà, adìyẹ ò sì gbọ́dọ̀ wà láìsí ẹni tó mọ ẹ̀rọ. Ó bá bẹ ẹnì kejì rẹ̀ níbi iṣẹ́ pé kó bá òun dúró, ó sì lọ. Kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ omi wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, kò rántí.

Oòrùn ti wà ní àtàrí kó tó fọwọ́ kàn án. Mo wà níbẹ̀, omi ni mo gbé wá fún wọn. Mo rí i tó dúró láàárín ebè, kọ́kọ́rọ́ ní àtẹ́lẹwọ́, tí ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní òun gbọ́dọ̀ máa lọ kíákíá. Èmi ni mo ní kó má lọ.

Iyán ọ̀wẹ̀ ti wà nínú odó nígbà náà, à ń gbọ́ ìró rẹ̀ láti abẹ́ igi. Àfẹ́sọ́nà tó bá kúrò lóko àna láìjẹ iyán àna, ó ti sọ pé òun kò ṣe mọ́ nìyẹn. Àlàyé yòówù kó ṣe lẹ́yìn rẹ̀, wọn ò ní yé fi gún un lára títí tí á fi ní àrọ́mọdọ́mọ. Àwọn àbúrò bàbá mi jókòó síbẹ̀, ó sì wà nínú wọn ẹni tí kò fẹ́ kí n fẹ́ ará Kábà rárá. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fọwọ́ kan iyán náà, òkèlè díẹ̀ péré. Kí iyán tó délẹ̀, kí wọ́n tó gbàdúrà, kí àwọn àgbà tó sọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ sọ tán, wákàtí méjì ti lọ. Nígbà tó fi dé pọ́tìrì, adìyẹ tó ti kú lé ní igba. Ooru àti òùngbẹ ló pa wọ́n.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìyá náà fún un ní ìwé pé òun lé e, nítorí pé ó fi ẹnu iṣẹ́ sílẹ̀ láìgba àṣẹ, ó sì jẹ́ kí ẹran òun kú. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà ṣe parí. Lẹ́yìn rẹ̀ la ṣe ìgbéyàwó, lẹ́yìn rẹ̀ ló wọ ṣọ́jà, a kò sì dárúkọ pọ́tìrì mọ́ nínú ilé.

Ohun tó fà á nìyẹn tí mo fi gbé bírò sókè.

"Kọ ọ́," ọkọ mi wí. "Wọn á rí i."

"Ta ló máa sọ fún wọn?"

"Ó wà nínú ìbéèrè. Wò ó níbẹ̀: ṣé wọ́n ti lé ọ lẹ́nu iṣẹ́ rí."

"Mo rí i. Tí a bá kọ ọ́ pé o fi kọ́kọ́rọ́ sápò lọ kọ ebè, ta ló máa gbé kọ́kọ́rọ́ ìjọba lé ọ lọ́wọ́?"

Ó ń wo ọmọ tó sùn sórí inú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ilé yàrá méjì yẹn ló ń rò, òun ni èmi náà ń rò. Mo kọ ọ́ sí ibi ọdún méjì náà pé ó ń bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ oko. Níbi tí wọ́n ti bèèrè bóyá wọ́n ti lé e rí, mo kọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó buwọ́ lù ú. N kò ní fi bò: kì í ṣe nítorí ilé nìkan. Ojú ń tì mí. Tí mo bá kọ ọ̀rọ̀ pọ́tìrì sílẹ̀, n ó kọ ọ̀rọ̀ iyán, orúkọ mi ló sì wà nídìí iyán.

Ìyá ọkọ mi gbọ́ pé wọ́n máa rán ènìyàn wá wádìí ọmọ òun. Ó jẹ́ ẹni tí kì í rán ènìyàn sí ibi tó bá lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé. Ó wọ ilé mẹ́fà ní àdúgbò, ó bẹ̀ wọ́n, ó sì kọ́ wọn ní ohun tí wọn ó sọ: ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kì í bá ènìyàn jà, oko bàbá rẹ̀ ló ń lọ kó tó wọ ṣọ́jà. Ó padà wálé pẹ̀lú ìdùnnú. Àlàájì tó wà ní ilé keje, tó ń ta aṣọ lọ́jà, kò sí nílé lọ́jọ́ náà, ó lọ sí Ìlọrin lọ rajà. Ìyá ní òun á bá a sọ ọ́ tó bá dé. Ó gbàgbé.

Ó tó oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀ kí ọkùnrin tí wọ́n rán wá wádìí náà tó dé. Kò wọ aṣọ ṣọ́jà. Káfútàǹ ló wọ̀, ó gbé báàgì dúdú kan lọ́wọ́, ó ń rìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tó wá kí ará ilé. Ó kí ìyá ọkọ mi ní "Okun o," bí wọ́n ṣe ń kíni lágbègbè wa, mo sì ti gbọ́ ohùn ará Mopa lẹ́nu rẹ̀ kó tó sọ ibi tó ti wá. Ó mu omi. Ó bi wá ní ohun kéékèèké, ó bèèrè iye tí mo ń gbà rán yúnífọ́ọ̀mù, ó ní ọmọ wa jọ bàbá rẹ̀ lójú. Lẹ́yìn náà ó ní òun fẹ́ rìn yí ká díẹ̀. Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà, mo ń ran kọ́là ọrùn yúnífọ́ọ̀mù. Kọ́là mẹ́ta ni mo rán sódì lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Nígbà tó padà dé, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó wo ìyá ọkọ mi, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ìyá, ẹ mà káre. Ilé mẹ́fà ni mo wọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo bá lẹ́nu wọn, bí ọmọ Sọ́ńdè Sùkúù tó há ẹsẹ Bíbélì sórí. Ọ̀kan tilẹ̀ gbàgbé àárín, ìyàwó rẹ̀ bá a parí rẹ̀."

Ìyá ní Ọlọ́run ló jẹ́ kí ẹnu wọn ṣọ̀kan.

"Àmín," ọkùnrin náà wí. Ó ṣí ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní Àlàájì ló sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àlàájì yin ọkọ mi títí, ó ní ọmọ tó mọ àgbà ni, pé gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń kó ẹyin tó fọ́ díẹ̀ wá fún àwọn ará ilé òun láti ibi iṣẹ́ rẹ̀, kò sì gba kọ́bọ̀ rí. Ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kó di ọ̀gágun.

"Oko tí ẹ ní ó ń bá bàbá rẹ̀ lọ," ọkùnrin náà wí, "ṣé bàbá náà ń sin adìyẹ ni?"

"Ó ń sìn ín díẹ̀," ìyá ọkọ mi dáhùn.

"Mélòó, Ìyá?"

"Mẹ́ta."

"Adìyẹ mẹ́ta ló ń yé ẹyin tí odidi ilé Àlàájì ń jẹ?"

Ìyá ní àwọn adìyẹ náà máa ń yé dáadáa. Ọkùnrin náà kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó ní òun ń sùn sílùú, òun á yà lówùúrọ̀ ọ̀la kí òun tó máa lọ sí Lọ́kọ́ja, bóyá a ó ti rántí nǹkan kan. Èmi ló wò nígbà tó ń sọ ọ́.

Mo pe ọkọ mi títí kí fóònù tó wọlé. Mo rò pé á bínú. Kò bínú. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti buwọ́ lù ú ni ọkàn òun kò ti balẹ̀, pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kí n sọ. Mo ní ilé ńkọ́. Ó ní tí ilé bá bọ́, ó bọ́. Ìyá ọkọ mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní kí n sọ pé ọmọ òun máa ń ra ẹyin ni, kí n má fi ọwọ́ ara mi tú ilé ọkọ mi ká. Mo wẹ ọmọ, mo fún un lóúnjẹ. Nígbà tí mo ń nu ẹnu rẹ̀ ni mo rò ó pé irọ́ ẹyin yìí, tí mo bá pa á, màá tún ní láti wá irọ́ mìíràn fún ọ̀la, ọkọ mi lọ́hùn-ún á sì ní láti mọ èyí tí mo pa kó lè pa irú rẹ̀.

Nígbà tí ọkùnrin náà dé lówùúrọ̀, mo sọ ọ́. Mo sọ pọ́tìrì, mo sọ ọ̀wẹ̀, mo sọ kọ́kọ́rọ́ àti ìwé tí wọ́n fi lé e. Nígbà tí mo dé ibi iyán, mo fò ó. Mo ní ó pẹ́ lóko. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́, ó pẹ́ lóko, bí ẹni pé ọ̀nà ló jìn.

"Ta ló kọ fọ́ọ̀mù?" ó bi mí.

"Èmi ni, sà."

"Ta ló buwọ́ lù ú?"

"Òun ni."

"Ó dáa." Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá sọ fún mi pé àwọn tí wọ́n ti lé lẹ́nu iṣẹ́ rí pọ̀ nínú ṣọ́jà, òun ti wádìí ẹni tí wọ́n lé nítorí ọtí, wọ́n sì gbà á níkẹyìn, torí pé ẹni náà fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ó sì ti pẹ́ tó ti jáwọ́. Ohun tó ń ba fáìlì jẹ́ ni èyí tí ènìyàn gbé sábẹ́ ẹní. Ó ní níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, òun kò lè fi ọ̀rọ̀ ìyàwó nìkan lọ. Ó bi mí bóyá ìyá tó ni adìyẹ ṣì wà láyé. Mo ní ó wà. Ó ní kí n mú òun lọ.

Mo pọn ọmọ, a gun ọ̀kadà méjì. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti lé ọkọ mi, tí mo bá rí ìyá yìí lọ́jà, ọ̀nà mìíràn ni mo máa ń gbà. A bá a lábẹ́ bùkà tó fi páànù ṣe, ó ń ṣa ẹyin ńlá sọ́tọ̀ sínú kíréètì, awò ojú rẹ̀ wà ní ṣóńṣó imú. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó mọ̀ mí lójú ẹsẹ̀. Ó fún àlejò ní àga, èmi dúró.

Ọkùnrin náà sọ ẹni tí òun jẹ́ àti ohun tó bá wá.

"Mo lé e," ìyá náà wí. Kò gbé ojú kúrò lórí ẹyin. "Tó bá jẹ́ lónìí ni, màá tún lé e."

Mo ní lọ́kàn mi pé ó ti tán. Mo ṣáà ń gbọn ọmọ lẹ́yìn, ọmọ ò sì sunkún.

Ọkùnrin náà bi í bóyá ọkọ mi jalè rí. Ó ní rárá, ẹyin tó fọ́ tó ń kó lọ, òun lòun ní kó máa kó o. Ó bi í nípa ọtí, ó ní rárá. Ó bi í bóyá ó parọ́ fún un rí. Ìyá náà gbé ẹyin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ó ní ibẹ̀ gan-an ni ohun tí òun kò lè gbàgbé wà. Ó ní ìgbà tí òun ti ìsìnkú dé, ọkọ mi dúró sẹ́nu géètì, ó na kọ́kọ́rọ́ sí òun, ó ní òun lòun fà á. Ó gbẹ́ kòtò fúnra rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ló fi sin àwọn adìyẹ, lẹ́yìn tí òun ti fún un ní ìwé pàápàá, kò sì béèrè owó. Ṣùgbọ́n nígbà tí òun bi í pé ìgbà wo ló rí i pé kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀, ó dákẹ́. Òun bi í lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dorí kodò, kò sọ̀rọ̀.

"Mo gbà pé ó ti tètè rí i, ó kàn jókòó sáàárín ọ̀rẹ́ ni," ó wí. "Ẹni tó bá dákẹ́ báyẹn, mi ò lè fi ilé mi lé e lọ́wọ́."

Mi ò mọ èyí. Láti ọdún wọ̀nyí wá, kò sọ fún mi rí pé wọ́n bi òun, pé òun dákẹ́. Mo rò pé wọ́n kàn fún un ní ìwé ni.

"Mà," mo wí, "èmi ni mo dá a dúró."

Àwọn méjèèjì wò mí. Mo sọ ọ́ tán níbẹ̀, nídùúró, ọmọ lẹ́yìn mi. Mo ní ó fẹ́ lọ lójú ẹsẹ̀ tó rí kọ́kọ́rọ́, èmi ni mo ní kó jẹ iyán bàbá mi ná, nítorí àwọn ará ilé wa. Mo ní tí mo bá jẹ́ kó lọ ni, bóyá adìyẹ díẹ̀ ni ìbá kú.

Ìyá náà yọ awò ojú rẹ̀.

"Nítorí iyán?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Ṣé iyán náà tilẹ̀ dùn?"

"Kò gbé e mì dáadáa, Mà."

Ọmọ ìlú wa ni òun náà, bàbá tirẹ̀ náà gba ọ̀wẹ̀. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu awò ojú náà, ó nù ún títí.

"Ìbá ti sọ ọ́ fún mi," ó wí. "Ǹ bá ṣì lé e o, adìyẹ mi ti kú. Ṣùgbọ́n ǹ bá mọ ẹni tí mò ń lé."

Ọkùnrin náà ní kó jọ̀ọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ fún òun, bó ṣe sọ ọ́ yẹn, kó má yọ ìkankan. Ìyá náà kọ ọ́ sórí bébà tó fi ń ṣe ìwé ẹyin, ó buwọ́ lù ú. Èmi náà kọ tèmi. Nígbà tí mo kọ ọ́ dé ibi iyán, ọwọ́ ìkọ̀wé mi kò dára bíi ti tẹ́lẹ̀. Kí a tó lọ, ìyá náà ní kí n jókòó. Ó fún ọmọ mi ní ẹyin sísè, ó sì bá a bó o.

Ìyá ọkọ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó ń kí mi, ó ń gbé ọmọ, ṣùgbọ́n tí mo bá ní oúnjẹ ti jinná, á ní òun ti gbọ́. Mi ò dá a lẹ́bi. Ilé mẹ́fà ló fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn.

Wọ́n pe ọkọ mi lọ́hùn-ún, wọ́n bi í léèrè fún ọjọ́ méjì. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi lórí fóònù lẹ́yìn rẹ̀. Ó sọ pọ́tìrì, ó sọ kọ́kọ́rọ́, ó sọ pé òun mọ̀ pé irọ́ ló wà nínú fọ́ọ̀mù kí òun tó buwọ́ lù ú. Wọ́n wá bi í pé kí ló dé tó fi pẹ́ lóko lẹ́yìn tó ti rí kọ́kọ́rọ́. Ó ní ebi ló ń pa òun. Ọ̀gá tó ń bi í gbé ìwé kan jáde, ó ka tèmi sí i létí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọkọ mi ní òun kò mọ ibi tí òun ó fojú sí. Ọ̀gá náà ní, "Kọ́pùrà, ìyàwó rẹ ti sọ ọ́. Ṣé o fẹ́ yí i padà?" Ó ní rárá, sà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí.

Mo bú u lórí fóònù. Mo ní ta ló rán an pé kó tún máa fi ara rẹ̀ bò mí. Ó ní ó ti mọ́ òun lẹ́nu.

Wọ́n fún un ní ìwé ìkìlọ̀ nítorí fọ́ọ̀mù, wọ́n sì fi í sínú fáìlì rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ fi orúkọ wọn sílẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ tuntun, òun kò bá wọn lọ. Inú bí mi nígbà náà, mi ò ní purọ́. Mo ń rò ó pé tí mo bá ti gbè sẹ́yìn irọ́ adìyẹ mẹ́ta tí ìyá ọkọ mi pa yẹn, bóyá a ti ń gbé pọ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo gbà pé òótọ́ ni mo ṣe, àwọn ọjọ́ kan wà tí ọmọ ń ṣàìsàn, tí mo dá nìkan gbé e lọ sílé ìwòsàn, tí mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn lọ, òjò rọ̀, a kórè iṣu. Mo ran yúnífọ́ọ̀mù ọdún tuntun tán.

Ìgbà tí wọ́n tún fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kò sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ kí n tún kó ẹrù sọ́kàn. Wọ́n kò tún rán ẹnikẹ́ni wá sí Kábà. Wọ́n ní ohun tí wọ́n ń wá ti wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ló pè mí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, mo rò pé ẹnì kan kú. Ó ní wọ́n ti fọwọ́ sí i.

Mo jókòó sílẹ̀ lórí àjákù aṣọ. Mo bi í ní iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kó ṣe gan-an níbẹ̀. Ó ní òun kò lè sọ ọ́ fún mi, kì í ṣe lórí fóònù nìkan o, nínú ilé pàápàá. Ó ní tí òun bá ti ibi iṣẹ́ dé, kí n má bi òun léèrè, òun kò fẹ́ máa parọ́ fún mi. Mo ní ó dáa, mi ò ní bi í.

Mo wá bi í nípa ilé ìdáná ilé yàrá méjì tí wọ́n máa fún wa, bóyá ó ní fèrèsé. Ó ní ó ní ọ̀kan, ó kéré, igi máńgòrò ló kọjú sí.